Aràn Oko Kòkó Tó Dé Calgary

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni Kánádà ṣe rí, ẹ̀rín ni mo sì fi ń dá yín lóhùn. Ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn fọ́tò tí ẹ rí lórí WhatsApp kò sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo lò ní Calgary lọ́dọ̀ Rótìmí, àbúrò mi, ohun tó sì wú mi lórí níbẹ̀ kò pọ̀ rárá. Bí ẹ bá fara balẹ̀ ka èyí dé òpin, ẹ óò rí i pé èmi Ìyábọ̀ fúnra mi kò wú ara mi lórí mọ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ìjọba. Ìgbẹ́, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo ti wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Kò sí aràn kan tó ń gbé inú ènìyàn ní agbègbè wa tí n kò lè dá mọ̀. Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì máa ń jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Òtútù tó ń ta iná

Oṣù Kejì ni mo dé. Bí ilẹ̀kùn pápákọ̀ òfuurufú ṣe ṣí báyìí, òtútù gbá mi létí bí ìyá ọkọ tó ti ń dúró dè mí láti àárọ̀. Irun imú mi gan. Omi ojú mi fẹ́ dì. Rótìmí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ o! God loves you, today kò tiẹ̀ cold. Minus eighteen péré."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ ní Ìdànrè, ìró ìyá wa méjì ló máa ń fi bora, òun ló ń sọ fún mi pé òtútù yìí kò tó nǹkan. Ọdún mẹ́sàn-án péré ló ti lò níbẹ̀ o. Mo sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ yìí mọ́ wa lọ́wọ́.

Auburn Bay ni ilé rẹ̀ wà, ní gúúsù ìlú. Gbogbo ilé ibẹ̀ ló jọra, gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ eérú, bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ló kọ́ wọn, tí ọ̀dà rẹ̀ sì tán. Ní ọjọ́ kẹta mi, mo jáde lọ ju ìdọ̀tí nù, ilé ẹlòmíràn ni mo padà wọ̀. Wọ́n ní adágún omi kan tí wọ́n fi ń yangàn. Wọ́n mú mi lọ wò ó. Ó ti di yìnyín pátápátá, àwọn èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, wọ́n sì ń sọ fún mi pé ó rẹwà. Mo ní ó rẹwà. Kí ni ǹ bá sọ?

Inú ilé gbóná, àmọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ débi pé imú mi ṣẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ohunkóhun tí mo bá fọwọ́ kàn ló ń ta mí bí iná mànàmáná: ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹnu ẹ̀rọ omi, títí kan etí Tèmi, ọmọ Rótìmí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tí mo fẹ́ fà mọ́ra. "Ouch, Big Mummy! You zapped me," lohun tí ó sọ. Ìkíni àkọ́kọ́ láàárín èmi àti ọmọ àbúrò mi nìyẹn. Níta, wọ́n ń fi wáyà so mọ́tò mọ́ iná bí ẹni ń cháàjì fóònù, kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Ìlú tí mọ́tò gan-an kò lè dá sùn níta láìsí ìrànlọ́wọ́, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń sá lọ.

Ẹ̀rín tún pa mí nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná kan tí wọ́n ń pè ní chinook fẹ́ dé. Láàárín òwúrọ̀ kan, snow bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, orí òrùlé ń kán tótó, àwọn òyìnbó wọ ṣòkòtò péńpé jáde. Ní ọjọ́ kejì, òtútù padà bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Orí fọ́ mi fún ọjọ́ méjèèjì. Ojú ọjọ́ tí kò ní ìwà, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá a gbé?

Ajá tó wọ bàtà

Ará ibẹ̀ kì í kí ènìyàn, ojú ọjọ́ ni wọ́n ń kí. Bàbá òyìnbó kan wà ní ilé kejì sí wa, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Lójoojúmọ́ tí mo bá rí i, gbólóhùn kan náà ni: "Cold enough for you?" Kò béèrè orúkọ mi. Kò béèrè bóyá mo sun dáadáa, bóyá àwọn tí mo fi sílẹ̀ nílé wà láàyè. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò sọ pé sorry.

Bàbá yìí ní ajá kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo rí ajá náà tó ń bọ̀ pẹ̀lú bàtà pupa mẹ́rin lẹ́sẹ̀. Mo dúró. Mo ní, "Rótìmí, ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá yìí ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n mi. Salt ni. Salt tí wọ́n máa ń dà sójú ọ̀nà nítorí ice, ó máa ń jó wọn lẹ́sẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di òpó ilé mú. Mo yíjú sí bàbá náà, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé èmi àti àbúrò mi yìí, nígbà tí a wà lọ́mọdé, a kò ní bàtà tó bàtà ajá rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń lọ oko kòkó bàbá wa, ẹsẹ̀ lásán la fi ń bọ̀, nínú ẹrọ̀fọ̀, nínú ìgbẹ́, nínú ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀. Sálúbàtà kan ṣoṣo tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bàbá náà ń wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín. Rótìmí di apá mi mú, ó fà mí wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ irú ẹ̀ mọ́. Nobody here knows that side. Lagos ni mo sọ fún wọn pé mo ti wá."

"Lagos wo? Ìwọ tí o kò rí Lagos títí o fi di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, that's how we do it here. Ẹ fi sílẹ̀."

Nígbà tó yá ni mo rí i pé kì í ṣe òun nìkan. Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé mi lọ sí àdúgbò Rundle lọ́jọ́ Sátidé kan láti ra oúnjẹ wa, a sì pàdé àwọn ọmọ Nàìjíríà bíi mẹ́jọ níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ yunifásítì. Mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé níbo ló ti wá. Lagos. Lagos. Lagos. Ọ̀kan fi Ìjẹ̀bú sínú ohùn rẹ̀ bí ẹní fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, síbẹ̀ Lagos ló ti wá. Ó dà bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń gbé ní ìyókù ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé iṣu kan fún mi: "Mummy, this one go sweet you die." Mo dé ilé, mo ge iṣu náà, inú rẹ̀ dúdú bí èédú.

Oúnjẹ tiwọn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ púpọ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí Cochrane, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn, pé kí n lọ wo òkè. Ní ilé oúnjẹ ibẹ̀, wọ́n gbé ànàmọ́ dídín síwájú mi, wọ́n da ọbẹ̀ ẹran tó ṣàn lé e lórí, wọ́n sì da wàrà dídì lé ọbẹ̀ náà. Tèmi ní, "It's poutine, it's so good." Mo jẹ ẹ́ tán nítorí ọmọ. Ọbẹ̀ tí kò rí ata rí, wọ́n dà á sórí oúnjẹ tó ti dín gbẹ dáadáa, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ.

Ara tó ń yún Rótìmí

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti rí i pé Rótìmí kò fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jókòó, ó ń họ ikùn. Bó bá ń wa mọ́tò, ó ń họ ìbàdí. Ikọ́ kékeré kan máa ń ṣe é, inú rẹ̀ sì máa ń wú lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní ó ti pẹ́, ó ti tó ọdún mélòó kan. Fọlákẹ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni. Dókítà wọn ti fún un ní ìpara, kò ṣiṣẹ́, ó sì ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí dókítà awọ ara. Wọ́n ní kó máa bọ̀ lẹ́yìn oṣù márùn-ún.

"Oṣù márùn-ún?" ni mo wí. "Ṣé dókítà náà ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni níbí," ni Fọlákẹ́ dáhùn. "You just wait your turn."

Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dé góńgó. Ìlú tó ń wọ bàtà fún ajá, ènìyàn ń họ ara, wọ́n ní kó dúró di ìgbà ooru. Mo sọ fún Rótìmí pé kó ṣí ikùn rẹ̀ kí n wò ó. Mo rí ìlà pupa kan tó rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó gùn tó ìka mi. Nígbà tí mo tún wò ó ní ọ̀sán, ìlà náà ti kúrò níbi tó wà ní òwúrọ̀. Ẹ̀yin ará ilé, mo rí i. Ojú mi ríran. Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Kánádà nìyí, ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ọ̀nà, aràn wo ló fẹ́ gbé ibẹ̀? Mo ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni lóòótọ́, àmọ́ èmi ní oògùn rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ prednisolone. Oògùn kékeré funfun tí oníkẹ́míìsì ń kà fún wa láìbéèrè ohunkóhun: ti orúnkún, ti ara yíyún, ti ikọ́, ti ẹni tó fẹ́ sanra. Ọdún mẹ́ta nìyẹn tí mo ti ń lò ó sí orúnkún mi. Ike rẹ̀ wà nínú báàgì mi. Mo dúró di ìgbà tí Fọlákẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mo ní, "Lo èyí, méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Má sọ fún ìyàwó rẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó yìí, ìwé ni wọ́n ń kà, wọn kò mọ ara."

Ó ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbé e mì. Ó kọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ohun tí mo bá fún un ló ń jẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, ara yíyún ti lọ. Ikọ́ ti lọ. Ó jẹ iyán àwo méjì, ó ní òun kò mọ ìgbà tí òun ti gbádùn oúnjẹ báyìí. Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo pe àwọn èèyàn nílé, mo ní mo ti wo ọmọ tí gbogbo Kánádà kò rí wò. Bóyá ìwọ tó ń ka èyí wà lára àwọn tí mo pè lọ́jọ́ náà.

Ilé ìwòsàn

Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé nígbà tí ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó ń bì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan ó wúkọ́ sínú ìwé ìnujú, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Kó tó tó wákàtí kan, kò lè mí dáadáa mọ́, àyà rẹ̀ ń súfèé. Fọlákẹ́ gbé wa dé ilé ìwòsàn ńlá kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún yín, nítorí mo ti bú wọn tó: wọn kò ní ká dúró oṣù márùn-ún. Wọ́n gbé e wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Dókítà obìnrin kan, ọmọ Íńdíà, tí kò dàgbà ju ọmọ tí mo bí lọ, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bi Rótìmí níbo ló dàgbà sí. "Lagos," ni Rótìmí fi èémí tó kù dáhùn. Ṣé inú ìlú ni? "Yes." Ṣé ó ń lo oògùn kankan? Ó mi orí pé rárá. Àgbo ńkọ́? Ó mi orí. Steroid, prednisone, ohunkóhun tó jọ ọ́?

Rótìmí wò mí. Wíwò yẹn kò pẹ́.

"No," ni ó sọ.

"He doesn't take anything, Doctor," ni Fọlákẹ́ fi kún un. "Even Tylenol, I have to beg him."

Dókítà ní àyà tó ń súfèé yìí dà bí asthma tó le, pé òun yóò fún un ní abẹ́rẹ́ steroid, irú oògùn kan náà bíi prednisolone mi, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí wọ́n tó rí èsì àyẹ̀wò yòókù. Nọ́ọ̀sì kan lọ gbé e wá.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọkùnrin kan. Àgbẹ̀ ni, wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn wa ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, ó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Aràn kún inú rẹ̀, tín-ín-rín, wọ́n ń rá kiri. Dókítà àgbà wa nígbà náà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní aràn yìí máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara, ó sì lè gbé inú ènìyàn fún ọgbọ̀n ọdún, ó ń bí sí i níbẹ̀, kò ní lọ. Ara ló ń ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kò lè pa á tán, àmọ́ wọn kò ní jẹ́ kó pọ̀ jù. Ìjà kékeré yẹn ló ń di ara yíyún àti ikọ́. Ó ní ẹnì kan ti ń fún àgbẹ̀ náà ní prednisolone nítorí ikọ́, oògùn náà sì mú gbogbo ọmọ ogun sùn. Aràn rí àyè, ó kún ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí ara fi tù ú lákọ̀ọ́kọ́: ìjà ló dáwọ́ dúró, kì í ṣe àrùn. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ kejì. Ìtàn yẹn ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tuntun tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú ìka nínà.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn lọ. Mo sì dákẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo dákẹ́. Fọlákẹ́ wà níbẹ̀, dókítà kékeré wà níbẹ̀, ojú ń tì mí, mo ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá wọn yóò fi ẹ̀rọ wọn rí i fúnra wọn. Mo dákẹ́ títí nọ́ọ̀sì fi wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í nu apá rẹ̀.

"Don't give him!" Mo dìde. "Doctor, he is lying to you. It is not Lagos. We are from farm, cocoa farm, no shoe, no toilet. I gave him prednisolone. Almost two weeks. From my own bag. My brother has worm."

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì dúró. Rótìmí gbé ìbòjú afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀..."

"Nínú ilé mi?" ni Fọlákẹ́ wí. Kò pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, nínú ilé mi, lẹ́yìn mi?"

Dókítà kò bá mi jà. Ó fa àga kan, ó jókòó síwájú mi, ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìlà tó ń rìn lára rẹ̀, iye oògùn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Thank you. That really helps." Bó bá bú mi ni, ìbá dára jù.

Ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, dókítà fi fídíò kan tí yàrá àyẹ̀wò wọn fi ránṣẹ́ hàn mí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àbúrò mi ni. Mo dá aràn náà mọ̀ kó tó yí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti Ìdànrè ló ti bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó bá a gba ìwé ìgbélùú PR, ó bá a ra ilé létí adágún.

Oògùn rẹ̀ ni ivermectin. Ẹ̀yin tí ẹ wà lábúlé, oògùn tí wọ́n máa ń pín fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí àrùn tó ń fọ́ni lójú ni, èyí tí wọ́n máa ń ní kí ẹ dúró ti ọ̀pá kí wọ́n lè fi gíga yín mọ iye tí ẹ óò gbé mì. Rótìmí máa ń sá fún ọ̀pá yẹn nígbà tó wà lọ́mọdé, á lọ sápamọ́ sẹ́yìn ibi tí a ń sá kòkó sí. Ní Calgary, apoògùn ní láti pe ibòmíràn kó tó rí i fún un.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Ní ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, Fọlákẹ́ ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀, àmọ́ kò wo ojú mi. Tèmi jókòó tì mí ní ọ̀sán kan.

"Big Mummy, is Daddy going to die?"

"Rárá o, ọmọ mi."

"How do you know?"

N kò mọ̀. Bàbá alájá ń kó snow kúrò lójúde wa lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọbẹ̀ kan wá nínú ìkòkò, kò ní ata, kò sì ní iyọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì sunkún sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n yọ ẹ̀rọ. Ó mí fúnra rẹ̀.

Dókítà ní kí èmi náà ṣe àyẹ̀wò. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti wo ìgbẹ́ gbogbo ìlú, n kò wo tèmi rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Èsì dé: aràn kan náà, oko kan náà. Ó béèrè bóyá mo ń lo prednisolone. Mo ní ọdún mẹ́ta. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

"Kí ló dé tí kò fi ṣe mí?" ni mo bi í. "Èmi ni mo lò ó jù."

Ó ní àwọn kò mọ̀. Ó ní ara kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń jà, pé aràn kan náà, oògùn kan náà, ọ̀kan lè máa rìn kiri, èkejì lè kú, wọ́n sì ṣì ń wádìí ìdí rẹ̀. Ó fún mi ní ivermectin tèmi. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí ènìyàn bá kàwé dé Calgary, ìdáhùn ni yóò máa jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó bẹ̀ mí

Ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sílé, èmi àti Rótìmí nìkan la wà nídìí tábìlì nínú ilé ìdáná. Ó ti rù. Ó ń mu ògì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá dé ilé, ẹ sọ pé pneumonia ni. Ẹ sọ pé snow ló fà á. They will believe it."

"Kí ló dé?"

"N ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi."

Mo bi í ní ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ọ̀sán Tuesday yẹn. Mo ní, "Nígbà tí dókítà béèrè, tí o wò mí, tí o ní o kò lo oògùn kankan, ṣé o mọ̀ pé o ń kú lọ?"

Ó fi ṣíbí ro ògì rẹ̀. "Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dárúkọ yín níwájú wọn?"

Mo ṣèlérí fún un pé snow ni n óò sọ. Láti ìgbà tí mo ti dé, bí ẹ bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lójú ọ̀nà pé kí ló ṣe Rótìmí, mo ń sọ pé snow ni, ẹ̀yin náà ń mi orí, ẹ ń sọ pé òtútù ìlú òyìnbó kò dáa, kò dáa rárá. Kì í ṣe òtútù. Èmi ni mo fún un ní prednisolone yẹn.